Ọ̀bẹ tí Ọwọ́ Òsì Lè Ṣí

Eyín ni ìyàwó mi fi ń ṣí ọ̀bẹ lọ́jọ́ tí mo ká a mọ́. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó fi ọwọ́ òsì di èkù rẹ̀ mú, ó deyín mọ́ ẹ̀yìn irin, ó ń wọ́ ọ jáde bí ẹni tó ń fi eyín bó ìrèké. Mo kígbe. Òun náà ta gìrì, ọ̀bẹ sì já bọ́ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ọ̀bẹ mi ni mò ń ṣí."

"Ẹnu lo fi ń ṣí ọ̀bẹ?"

"Ẹ bá mi wá ọwọ́ mìíràn wá, màá fi ìyẹn ṣí i."

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ yingin rárá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé àrùn náà dé ibi ahọ́n, ó wò ó, ó sì gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá ẹ̀wù tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yẹn ló fi ṣiṣẹ́ jẹ fún ọdún mọ́kànlélógún.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń di ìwé. Wọ́n á kó ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá fún un ní ìdì ìdì, òun á já okùn ara wọn, á tò wọ́n, á fi abẹ́rẹ́ gún wọn, á rán wọn pọ̀, á sì lẹ èèpo mọ́ wọn. Ìyá Oníwèé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èmi náà sì mú orúkọ náà wálé. Ní tèmi, aago ni mò ń tún ṣe, nínú yàrá iwájú ilé wa. Bàbá Aláago lòun náà ń pè mí, pàápàá nígbà tí inú mi bá ń bí i.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni pé ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó máa bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó máa tú ìdì ìwé, kó sì máa yẹ ìwé tí wọ́n ti rán wò, nítorí pé láti ìgbà tí kò ti sí níbẹ̀ ni ojú ewé ti ń dorí kodò nínú ìwé àwọn oníbàárà. Inú ìyàwó mi dùn débi pé ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ yíká ilé fún odidi ọ̀sán kan. Lẹ́yìn náà ló wá ọ̀bẹ kíká rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń wà nínú àpò iwájú aṣọ náà láyé ìgbà tí ara le. Ọ̀bẹ àtijọ́ ni, onígi, ó wúwo bí òkúta. Ọwọ́ kan ní láti di èkù mú, kí èékánná ọwọ́ kejì fa irin jáde. Ibẹ̀ ni eyín ti wọ ọ̀rọ̀.

Mo gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo mọ sí ibẹ̀ ni, ì bá sàn. Mo wọ ilé ìdáná, mo kó gbogbo ọ̀bẹ tó wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, mo kó wọn sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo sì tì í pa. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ ìyàwó mi á mọ̀ pé ìjà dé nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ búrẹ́dì tí a fi ọwọ́ ya. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, yà kí wa lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbé páálí èso kan dání. Ó ní kí a fún òun ní ọ̀bẹ kí òun fi já téèpù ara rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bi bàbá rẹ. Àwọn ni ọlọ́pàá ọ̀bẹ."

Ọmọ wojú mi, ó wojú ìyá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn mí. Lẹ́yìn náà ló fà mí sápá kan.

"Bàbá, bí aago bá dúró, ṣé ẹ máa ń bá a jà?"

"Kí ló dé tí mo fi máa bá aago jà?"

"Ẹ máa ń ṣí i ni, ẹ máa ń wo ohun tó há a. Ọ̀bẹ yẹn ló há màmá mi. Ẹ lọ bá wọn wá èyí tí ọwọ́ kan lè ṣí. Kò sí ohun tí wọn kì í ṣe mọ́ láyé yìí."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kó ọ̀bẹ ilé ìdáná padà sáyè wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírinṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀. Ó fa ẹsẹ̀ títí a fi dé ibẹ̀, kò jẹ́ kí n di òun lápá mú.

Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó ga, ó sì fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbé àga kékeré kan fún ìyàwó mi síwájú àpótí onígíláàsì tí àwọn ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ máa fi gé?"

"Okùn, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ìwé, páálí nígbà mìíràn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Á tó ogún."

"Níbo lẹ ó máa fi sí?"

"Àpò iwájú aṣọ iṣẹ́ mi."

"Ọwọ́ wo?"

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ òsì sókè. "Èyí nìkan ló ń jẹ́ mi lóhùn báyìí."

Mo ń retí kí obìnrin náà fajú ro, kó ní ẹ pẹ̀lẹ́, bí gbogbo ayé ti máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé awò sójú, ó ní, "Ó ti dín iṣẹ́ wa kù nìyẹn. Ìdajì ohun tó wà níbí kò kàn yín mọ́."

Èmi ti rí èyí tó wù mí. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní ọ̀bẹ méjì, sísọ́ọ̀sì, ìṣígò, àti ayùn kékeré kan. Mo gbé e lé ọwọ́ ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá Aláago, ṣé ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ lọ kàn ni?"

Mo gbé e padà.

Onírinṣẹ́ mú òmíràn jáde. Ó tẹ nǹkan kan lára èkù rẹ̀, irin sì fò jáde láìròtẹ́lẹ̀, bí ìrẹ̀ tó fò láti inú koríko. Àwa méjèèjì sún sẹ́yìn. Èyí rọrùn fún ọwọ́ kan lóòótọ́. Ìyàwó mi yí i po, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a padà. "Ohun tó bá yára ju èrò mi lọ, mi ò fẹ́ kó wà nínú àpò mi," ló sọ.

Ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó ṣí i nírọ̀rùn, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn irin rẹ̀ ti etí àpótí onígíláàsì náà, ó sì ká wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ní ohun tó ń dá irin dúró bó bá ti ṣí tán. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, tí ọ̀bẹ bá ká lé ìka rẹ̀, ta ni yóò bá a ṣí i? Onírinṣẹ́ mi orí. Ó ní, "Bàbá mọ irin." Orí mi wú díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀kẹrin ni kò lẹ́wà. Rọ́bà líle ni èkù rẹ̀, àwọ̀ eérú, ó sì fúyẹ́ débi pé mo rò pé nǹkan ti bọ́ nínú rẹ̀. Ihò róbótó kan wà nínú irin rẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò lè wọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tì í, á yí jáde, á sì há mọ́lẹ̀. Láti pa á dé, ẹ ó tẹ irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn èkù, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti itan yín, á wọlé.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀ kúrò nínú ihò. Ó tún un ṣe. Irin jáde dé ìdajì, ó padà. Ọ̀bẹ bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ní pípa dé, a dúpẹ́. Mo bẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un, mo sì ṣí i fún un.

"Ẹ wò ó, báyìí ni."

Onírinṣẹ́ bọ́ awò kúrò lójú. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sápò."

"Ẹ ní kí n...?"

"Ọwọ́ yín méjèèjì. Ẹ kó wọn sápò ṣòkòtò yín."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kó ọ̀bẹ pamọ́. Mo kó ọwọ́ sápò. Mo ti fi irin gbígbóná jó ara mi, mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe ohun tó le tó kí n dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀, kí n máa wò ó bó ṣe ń kùnà. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló kùnà. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá, irin yí jáde, ó sì há mọ́lẹ̀: tá!

Ìyàwó mi gbé ọ̀bẹ náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bí ìgbà tí òun gan-an ló rọ ọ́.

Pípa á dé ló wá le. Itan rẹ̀ ọ̀tún kò lágbára, ti òsì sì jìnnà sí igun tí ọwọ́ fẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni ojú irin fẹ́ kan ìka rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Èyí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò." Onírinṣẹ́ ya téèpù aláwọ̀ pupa, ó fi wé ojú ọ̀bẹ náà nípọn láti ìdí dé ṣóńṣó, kò lè gé bọ́tà mọ́.

"Ẹ máa fi èyí kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ṣí i, tí ẹ sì pa á dé, nígbà ogún láìwò ó, ẹ já téèpù náà dànù."

Nígbà tí a délé, a rí i pé ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ etí àpò wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò bá ọwọ́ òsì mu. Súkúrúù mẹ́ta péré ló dè é, kékeré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Iṣẹ́ mi dé, mo rò. Mo na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní irin tí ẹ fi ń tú súkúrúù," ìyàwó mi wí.

"Á yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ di ọ̀bẹ mú fún mi. Ẹ̀yin lọwọ́ ọ̀tún mi báyìí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n tún máa bá a gé nǹkan."

Mo di ọ̀bẹ mú. Òun tú súkúrúù. Ọ̀kan fò lọ sábẹ́ tábìlì, àwa méjèèjì kúnlẹ̀, a ń fi ọwọ́ ra ilẹ̀ bí àwọn ọmọdé. Ọ̀sán tán kí ìkọ́ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, iṣẹ́ tí èmi ì bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣe. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jókòó ti iṣẹ́ mi, màá máa gbọ́ ọ nínú yàrá. Etí ni alátùn-únṣe aago fi ń jẹun. Bí aago kan bá ń tiro lórí ògiri ilé kejì, màá mọ̀. Nítorí náà mo ń gbọ́ ọ̀bẹ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìró fífà, ìró yíyọ̀, ìró bíbọ́ sílẹ̀, àti èébú. Ní ọjọ́ kẹta, "tá" kan, ìdákẹ́jẹ́, "tá" kan. Ní ọjọ́ kẹfà, ó ti rí ibi tí yóò máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tì: etí àga ni, kì í ṣe itan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó sì ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó jáde wá bá mi níbi iṣẹ́. "Ó ti pé ogún. Mo fẹ́ já téèpù."

Mo ní kí a mú sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí ló dé. Mo ní ojú ọjọ́ kò dára. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ojú ọjọ́ wo? Bàbá Aláago, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an?"

Mo gbé awò tí mo fi ń wo inú aago sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́nà ọ̀fun mi fún oṣù mẹ́jọ.

"Ọjọ́ tí o ṣubú, ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo wà. Ilé ìdáná kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń gbọ́ aago tó ń tiro, ìyàwó mi ṣubú lulẹ̀ gbì, mi ò gbọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ mu omi ni mo tó rí ọ."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé mo ṣubú gbì," ó wí. "Mi ò ṣubú gbì. Ògiri ni mo fara tì, mo rọra yọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó yọ̀ kúrò lórí okùn. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, mi ò mọ̀ pé òun lẹ gbé sáyà." Ó fi ọwọ́ òsì kan eékún mi. "Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò ṣẹ̀ lẹ dá ara yín lẹ́bi sí, èmi lẹ wá ń jẹ́ kí n ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀."

Mi ò tijú láti sọ pé mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀bẹ síwájú mi, ó ṣí i, ó sì ní kí n bá òun di orí téèpù mú. Òun ló fà á. Ojú irin hàn, ó mọ́ tónítóní. Ó kọ́kọ́ gé okùn kan lórí tábìlì iṣẹ́ mi, okùn aago ará àdúgbò kan ni, àmọ́ ẹnì kankan kò bèèrè títí di òní.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo ní ó dáa. Mo sọdá sí òdìkejì títì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀, nítorí pé fèrèsé yàrá ìdìwé kọjú sójú ọ̀nà. Mo rí i tó wọlé. Mo rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pagbo yí i ká, tí ẹnì kan ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n gbé ìdì ìwé kan síwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gé ìwé, géńdé aláya fífẹ̀ kan, ti yọ ọ̀bẹ tirẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó mi mi orí pé rárá. Ọkùnrin náà dúró gbagidi.

Ó fi apá ọ̀tún tí kò lágbára tẹ ìdì náà mọ́lẹ̀, bí òkúta tí wọ́n gbé lé ìwé kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Mi ò mọ ìgbà tó kọ́ ìyẹn. Ó sọ ọwọ́ òsì sápò, ọ̀bẹ jáde, ó ṣí, ó wọ abẹ́ okùn. Ìdì náà tú ká. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti pàtẹ́wọ́, awakọ̀ tó ni ín sì bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

Nígbà tí mo tún wo fèrèsé, ìyàwó mi ti rí mi. Ó fi ọ̀bẹ náà, ní pípa dé, tọ́ka ọ̀nà ilé sí mi. Mo lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi gé ìka. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, tó fi eyín àti ọwọ́ kan dì í, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i. Mo la ẹnu, mo sì tún un pa dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ìyẹn nìkan. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó ń padà wálé tí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ojú ewé kò dorí kodò mọ́ nínú ìwé àwọn oníbàárà, ọ̀gá sì ti bi í bóyá ó lè máa wá ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ní òun á rò ó, ó sì jẹ́ kí ọ̀gá náà máa dúró de èsì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbà.

Lóṣù tó kọjá, olùtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kíyè sí i pé apá ọ̀tún tó fi ń tẹ ìdì ìwé lójoojúmọ́ ti ń lágbára díẹ̀díẹ̀. Ìka méjì ti ń ká wálé bó bá pàṣẹ fún wọn. Méjì péré ni, wọn kì í sì í gbọ́ràn nígbà gbogbo. "Àwọn ọmọ alágídí," ló ń pè wọ́n, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èrò a sì máa sún jìnnà.

Láàárọ̀ yìí, mo ń tú ikùn aago ńlá kan nígbà tó ń jáde lọ. Mo bi í pé aago mélòó ni yóò dé.

"Nígbà tí mo bá parí iṣẹ́," ó wí, ó sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó jáde sínú oòrùn.